Ẹ̀rọ tuntun dé ọwọ́: kí lèèyàn máa kọ́kọ́ kọ́, báwo ló sì ṣe máa kọ́ ọ?

Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹni tó ti ń lo fóònù kékeré oníbọ́tìnì láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n wá gbé fóònù ńlá Android lé lọ́wọ́, kí ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀? Orí WhatsApp ni ọ̀pọ̀ tó ń kọ́ àgbàlagbà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, onítọ̀hún á ní òun ò lè lò ó, á sì padà sí ti tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ mọ ètò tó dáa, láti ìgbà tí a bá ṣí páálí títí dìgbà tó máa lè dá a lò. Bẹ́ ẹ bá ní ìmọ̀ràn lórí ṣájà, íápíìsì aláìníwáyà àti tẹlifíṣàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kún un.

Olùkọ́ Kọ̀ǹpútà

Ẹ jẹ́ kí WhatsApp dúró ná. Ìka ọwọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ́.

Lórí fóònù oníbọ́tìnì, bí èèyàn tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, bó tẹ̀ ẹ́ le, ohun kan náà ló máa ń ṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Lórí gíláàsì, kéèyàn kàn án fẹ́rẹ́ kó sì gbọ́wọ́ kúrò yàtọ̀ sí kó kàn án kó sì fi ìka síbẹ̀. Àṣẹ méjì ni. Bí ìka bá pẹ́ tó nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lórí àmì áàpù kan, fóònù á gbà pé ẹ fẹ́ gbé áàpù náà kúrò níbi tó wà, tàbí pé ẹ fẹ́ yọ ọ́. Àgbàlagbà tó ti mọ́ lára láti máa fi agbára tẹ bọ́tìnì kò ní mọ̀ pé òun ti pa àṣẹ mìíràn. Ohun tó máa rí ni pé àmì WhatsApp ò sí níbi tó wà lánàá mọ́, á sì rò pé òun ti ba nǹkan jẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jáwọ́.

Àtúnṣe rẹ̀ wà nínú fóònù fúnra rẹ̀. Ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí Accessibility, ẹ wá "Touch and hold delay", kẹ́ ẹ sì yí i sí "Long". Lórí Samsung, abẹ́ "Interaction and dexterity" ló wà. Lórí Pixel, ìyẹn fóònù tí Google ń ṣe, abẹ́ "Timing controls" ni. Bẹ́ ò bá rí i, àyè ìwákiri wà lókè Settings, níbi àmì awò kékeré yẹn. Ẹ kọ "hold" síbẹ̀, á gbé e jáde. Ẹ kọ́ ẹni náà ní àyè ìwákiri yìí pẹ̀lú, torí pé ètò Settings yàtọ̀ láti fóònù kan sí òmíràn, kò sì sẹ́ni tó lè há gbogbo rẹ̀ sórí.

Gíláàsì náà kò mọ agbára tá a fi tẹ̀ ẹ́. Iná mànàmáná díẹ̀ wà kárí ojú rẹ̀, awọ ara èèyàn sì máa ń yí iná yẹn padà níbi tó bá ti kàn án. Ìyípadà yẹn ni fóònù ń kà. Ìdí nìyẹn tí èékánná kì í fi í ṣiṣẹ́, tí ìka tó gbẹ táútáú kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Ìdí náà nìyẹn tí ẹ̀kán omi kan lórí gíláàsì fi lè máa ṣí nǹkan fúnra rẹ̀. Ẹran ìka ni kí wọ́n fi kàn án, kì í ṣe ṣóńṣó ìka. Bí ọwọ́ bá gbẹ, kí wọ́n fi ìpara díẹ̀ ra á, kí wọ́n sì nù ún kó má baà yọ̀. Bí ike tàbí gíláàsì ààbò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fóònù bá nípọn, Samsung ní "Touch sensitivity" lábẹ́ Display. Ẹ tàn án.

Ohun mẹ́rin ni ìka máa kọ́: kíkàn fẹ́rẹ́, dídi ìka mú síbẹ̀, fífà, àti fífi ìka méjì fẹ nǹkan. Ẹ fi áàpù tí kò lè ba ohunkóhun jẹ́ kọ́ ọ. Calculator ló dáa jù fún kíkàn fẹ́rẹ́, torí pé nọ́ńbà tó bá jáde ló máa sọ bóyá ó kàn án lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ lo àwòrán mẹ́wàá nínú Gallery fún fífà sọ́tùn-ún sósì àti fún fífẹ̀. Bó bá di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, kó wá di àmì kan mú lójú fóònù, kó gbé e lọ síbòmíràn, kó sì gbé e padà. Nígbà tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e kúrò tó sì dá a padà, ẹ̀rù àmì tó sọnù á ti tán.

Olùkọ́ Kọ̀ǹpútà

Mo gbàgbé apá ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù tuntun ti gbé bọ́tìnì mẹ́ta ìsàlẹ̀ kúrò. Ìka ni wọ́n ní kéèyàn máa fà láti etí gíláàsì. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, ẹ dá bọ́tìnì mẹ́ta náà padà. Settings, lẹ́yìn náà Display, lẹ́yìn náà "Navigation bar", kẹ́ ẹ yan "Buttons" lórí Samsung. Lórí àwọn tó kù, ó sábà máa ń wà lábẹ́ System, níbi "Gestures" tàbí "Navigation mode". Àmì òbìrìkìtì tàbí onígun mẹ́rin tó wà láàárín ni ilé. Èyí tó dà bí igun mẹ́ta tàbí orí ọfà ni ìpadàsẹ́yìn. Ẹ ṣàkíyèsí o: ọwọ́ ọ̀tún ni Samsung sábà máa ń fi ìpadàsẹ́yìn sí, òsì ni ọ̀pọ̀ fóònù mìíràn fi sí. Bí ẹni tó ń kọ́ni bá ń lo Samsung, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì ń lo irú mìíràn, kí wọ́n má sọ pé "tẹ ti ọ̀tún". Kí wọ́n pe àmì náà bó ṣe rí.

Ẹ sọ ọ́ fún un léraléra pé bọ́tìnì ilé kì í ba nǹkan jẹ́, kò sì sí ibi tó lè ṣìnà dé tí bọ́tìnì yẹn ò ní mú un padà.

Ní ti ìwọ̀n lẹ́tà, ẹ mú un tóbi, ṣùgbọ́n ẹ má mú un dé òpin. Tó bá tóbi jù, bọ́tìnì "OK" tàbí "Next" nínú àwọn áàpù kan á kúrò lójú gíláàsì, akẹ́kọ̀ọ́ á sì há síbẹ̀. Ẹ fi ìpele kan sílẹ̀ kó tó dé òpin. "Display size" yàtọ̀ sí "Font size" o: èyí àkọ́kọ́ ń mú àmì àti bọ́tìnì tóbi pẹ̀lú lẹ́tà, èkejì ń mú lẹ́tà nìkan tóbi. Ojú tó rẹ̀ nílò méjèèjì díẹ̀díẹ̀.

Atúnfóònùṣe

Ọ̀rọ̀ ìka yẹn jinlẹ̀, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ṣíṣí páálí.

Kẹ́ ẹ tó fi síìmù sí i, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ fóònù dáadáa. Ihò kékeré méjì tàbí mẹ́ta lè wà níbẹ̀ tó jọra. Èyí tó wà lára àwo síìmù nìkan ni kẹ́ ẹ ki abẹ́rẹ́ bọ̀. Ihò tó dá dúró sí ìsàlẹ̀ tàbí òkè, ẹnu tí fóònù fi ń gba ohùn ni. Bí abẹ́rẹ́ bá wọ ibẹ̀, ẹni tẹ́ ẹ bá pè lè má gbọ́ yín mọ́. Síìmù tí fóònù ìsinsìnyí ń lò jẹ́ mìlímítà 12.3 sí 8.8. Bí ti àtijọ́ bá tóbi, ẹ jẹ́ kí ilé iṣẹ́ tó ni ín pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi síṣọ́ọ̀sì gé e nílé, torí pé èyí tí etí rẹ̀ bá rí ṣákaṣàka máa ń há sínú àwo.

Tí fóònù bá ti tàn, ẹ tẹ *#06#. Nọ́ńbà 15 tó jáde ni IMEI, òun ni wọ́n fi ń dá fóònù náà mọ̀ tó bá sọnù. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ má fi í sínú fóònù nìkan.

Ìmọ̀ràn pé kéèyàn gba agbára sí fóònù tuntun fún wákàtí mẹ́jọ kó tó lò ó, bátìrì nikẹ́ẹ̀lì ayé àtijọ́ ló ni ín. Lithium ló wà nínú ti ìsinsìnyí, kò nílò rẹ̀. Ẹ gba agbára sí i dé bó ṣe wù yín, kẹ́ ẹ máa lò ó.

Wàyí o, ibi tí wàhálà ńlá ti ń wá nìyí: àkáǹtì Google. Ọmọ á ra fóònù fún ìyá rẹ̀, á fi íméèlì tara rẹ̀ ṣí i kó lè yá. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, orúkọ àwọn tí ọmọ ń bá ṣiṣẹ́ á ti kún inú fóònù ìyá, àwòrán ìyá á sì máa lọ sínú fóònù ọmọ. Èyí tó burú jù ni pé, tí wọ́n bá ní láti nu gbogbo ohun tó wà nínú fóònù, ó máa béèrè àkáǹtì tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó tó jẹ́ kẹ́nikẹ́ni wọlé. Ààbò yìí ti wà láti Android 5.1 ti ọdún 2015, nítorí olè ni wọ́n ṣe ṣe é. Bí ẹni tó ṣí i ò bá rántí páswọ́ọ̀dù mọ́, fóònù á di pátákó lásán. Torí náà, ẹ ṣí àkáǹtì tuntun lórúkọ ẹni tó ni fóònù. Ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ ṣe nọ́ńbà ìgbàpadà, kẹ́ ẹ sì fi nọ́ńbà tàbí íméèlì ọmọ kan ṣe ìkejì. Ẹ kọ íméèlì àti páswọ́ọ̀dù sínú ìwé tí kò ní jáde nílé, lẹ́tà ńlá lẹ́tà kékeré, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí.

Iye ìgbà tí wọ́n lè ṣi PIN síìmù tẹ̀ kò pọ̀: mẹ́ta ni. Lẹ́yìn náà, ó máa béèrè PUK, nọ́ńbà mẹ́jọ, tó sábà máa ń wà lára páálí tí wọ́n yọ síìmù kúrò nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣi PUK náà tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, síìmù yẹn ti kú. PIN síìmù kì í ṣe PIN tí wọ́n fi ń ṣí ojú fóònù o. Ẹ kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé pẹ̀lú ohun tó wà fún.

Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun

Ẹ ṣé gan-an. Àwọn nọ́ńbà tó wà nínú fóònù kékeré ńkọ́? Àti pé, fóònù kan wà tó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá kàn, ó máa fi ìlà yí i ká, á ka orúkọ rẹ̀ jáde, kò sì ní ṣí i. Fífà gan-an ò ṣiṣẹ́ mọ́.

Olùkọ́ Kọ̀ǹpútà

Fóònù yẹn ò bàjẹ́. TalkBack ló tàn, ìyẹn irinṣẹ́ tí àwọn tí ojú wọn ò ríran fi ń lo fóònù. Lórí ọ̀pọ̀ Android, téèyàn bá tẹ bọ́tìnì ohùn méjèèjì, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, mọ́lẹ̀ pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ó lè tàn, bí ọwọ́ bá di fóònù mú le báyìí. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ kó lè kú. Tí kò bá kú, ẹ rántí pé àṣẹ ìka ti yí padà: ẹ kan nǹkan lẹ́ẹ̀kan láti yàn án, ẹ wá kàn án lẹ́ẹ̀mejì kíákíá láti ṣí i. Ìka méjì pọ̀ ni kẹ́ ẹ fi fà á lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Báyìí lẹ máa fi dé Settings, Accessibility, TalkBack, kẹ́ ẹ sì pa á. Kó má baà tún ṣẹlẹ̀, inú ibẹ̀ kan náà lẹ ti máa yọ ọ̀nà àbùjá bọ́tìnì ohùn yẹn kúrò.

Ti iPhone ń jẹ́ VoiceOver. Ọ̀nà àbùjá tirẹ̀ ni títẹ bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta kíákíá, tàbí bọ́tìnì ilé lórí èyí tó ní in. Tó bá jẹ́ pé ńṣe ni gbogbo nǹkan tóbi gbàǹgbà tí ẹ ò rí etí ojú fóònù mọ́, Zoom ni. Ìka mẹ́ta lẹ máa fi kàn án lẹ́ẹ̀mejì, á padà.

Nígbà tá a wà níbẹ̀: fóònù tí kò dún rárá bí wọ́n bá pè é, ẹ fa òkè gíláàsì wálẹ̀, kẹ́ ẹ wo bóyá "Do Not Disturb" tàn. Àmì rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ òṣùpá tàbí àmì ìyọkúrò nínú òbìrìkìtì. Èyí tí ìpè ò wọlé sí tí kò sì jáde, ẹ wo àmì ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn àmì tó wà nínú ibi tá à ń fà wálẹ̀ yìí tó ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan gbáko: Wi-Fi, dáta, Bluetooth, ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì, ọkọ̀ òfuurufú, ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tan ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì pa á, kó rí ohun tó yí padà.

Atúnfóònùṣe

Ní ti nọ́ńbà: inú fóònù kékeré, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń da orúkọ láti inú fóònù sórí síìmù, kẹ́ ẹ dà gbogbo rẹ̀. Orúkọ gígùn á gé kúrú lórí síìmù, torí pé àyè rẹ̀ ò tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ síìmù ò sì gbà ju nǹkan bí 250 orúkọ lọ. Lẹ́yìn tí síìmù bá ti wọ fóònù tuntun, ẹ ṣí Contacts, ẹ wá "Import from SIM". Ó máa béèrè ibi tẹ́ ẹ fẹ́ kó o sí. Àkáǹtì Google ni kẹ́ ẹ yàn. Bẹ́ ẹ bá yan "Device" tàbí "Phone", ọjọ́ tí fóònù bá já sómi, gbogbo rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Iná-Ẹ̀rọ

Ó kan ọ̀rọ̀ ṣájà. Ẹ má fi àwọ̀ tàbí ìtóbi yan ṣájà, ara rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kà. Níbi tí wọ́n kọ "Output" sí, ẹ fi òǹkà V sọ òǹkà A di púpọ̀, wáàtì lẹ máa rí. 5V àti 2A jẹ́ wáàtì 10. 9V àti 2A jẹ́ wáàtì 18. Ìlà púpọ̀ lè wà níbẹ̀. Gbogbo ohun tí ṣájà náà lè gbé jáde ni, fóònù ló máa yan èyí tó bá a mu. Ìdí nìyẹn tí ṣájà wáàtì 65 tó jẹ́ ojúlówó kì í fi í jó fóònù tó ń gba 18. 5V ni ojúlówó fi ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í gbé iná sókè àyàfi tí fóònù bá béèrè. Ayédèrú tí kò tẹ̀ lé ìlànà yẹn ló ń ba nǹkan jẹ́.

Wáyà náà ní ipa tirẹ̀. USB-C kò ní òkè tàbí ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ń wọlé, òun náà sì ni òfin Yúróòpù sọ di dandan fún fóònù tuntun tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ láti ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2024. Àmọ́ wáyà méjì tó jọra lè yàtọ̀ nínú. Àwọn kan ń gbé iná nìkan, wọn ò lè kó àwòrán lọ sórí kọ̀ǹpútà. 3A péré sì ni wáyà USB-C tí kò ní àmì ìdánimọ̀ nínú lè gbé. Tí kọ̀ǹpútà ò bá rí fóònù yín, ẹ pààrọ̀ wáyà kẹ́ ẹ tó máa tú nǹkan. Tó bá jẹ́ òmíràn náà lẹ lò tí kò sì rí i, ẹ fa òkè ojú fóònù wálẹ̀, kẹ́ ẹ yan "File transfer".

Bí ṣájà bá ń mi nínú ihò tàbí tó ní láti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kó tó wọlé, lọ́pọ̀ ìgbà òwú àpò aṣọ ló ti kún ìsàlẹ̀ ihò náà. Ẹ pa fóònù, ẹ fi igi pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ bí igi ìtayín yọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tàbí irin kankan sí i.

Fóònù ò fẹ́ ooru nígbà tó bá ń gba iná. 0 sí 35 lórí ìwọ̀n Celsius ni Apple sọ pé kí ibi tí wọ́n ti ń lo iPhone wà. Abẹ́ ìrọ̀rí ni ibi tó burú jù láti gba agbára sí fóònù. Bí bátìrì bá ń wà láàárín ìdá 20 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún, ó máa pẹ́ ju èyí tí wọ́n ń lò dé òfo tí wọ́n sì ń kún dé ẹnu lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ fóònù ti ní ibi tí wọ́n ti lè ní kó dúró sí 80. Ẹ wò ó lábẹ́ Battery.

Páwà-báǹkì 10,000 mAh (òǹkà iye iná tí bátìrì ń gbà) kò lè fún fóònù ní 10,000. 3.7V ni wọ́n fi ka nọ́ńbà yẹn, ìyẹn wáàtì-wákàtí (Wh) 37. Tó bá di 5V, ó ti di nǹkan bí 7,400, ooru á sì tún jẹ nínú rẹ̀. Fún fóònù tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5,000, ẹ ka ẹ̀ẹ̀kan àti díẹ̀. Bí bátìrì èyíkéyìí bá wú, tí ẹ̀yìn fóònù ń ṣí kúrò, ẹ má gba iná sí i mọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un. Ó lè gbiná.

Agbọ́rọ̀dùn

Wọ́n ní ó dáa kéèyàn lo bátìrì dé òfo lẹ́ẹ̀kan lóṣù kó lè lágbára. Ṣé òótọ́ ni?

Iná-Ẹ̀rọ

Kò fún bátìrì lágbára, ńṣe ló ń mú un gbó díẹ̀. Ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni pé, bí òǹkà ìdá ọgọ́rùn-ún bá ń purọ́, bíi kó wà ní 25 kó sì kú lójijì, lílò ó dé òfo lẹ́ẹ̀kan àti kíkún un dé 100 lè tún òǹkà náà ṣe. Òǹkà ló tún ṣe, kì í ṣe bátìrì. Tí kò bá tún un ṣe, bátìrì ti gbó.

Etí-Ọ̀nà

Íápíìsì aláìníwáyà: ẹ fi méjèèjì sínú àpótí rẹ̀, ẹ ṣí ìdérí, ẹ tẹ bọ́tìnì àpótí mọ́lẹ̀ títí iná rẹ̀ á fi máa ṣẹ́jú. Ẹ lọ sí Bluetooth lórí fóònù, "Pair new device", ẹ yan orúkọ rẹ̀. Tí orúkọ náà ò bá jáde, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti so mọ́ fóònù mìíràn tó wà nítòsí. Ẹ pa Bluetooth ti fóònù yẹn ná. Tí etí kan ṣoṣo bá ń dún, ẹ yan "Forget" lórí fóònù, ẹ dá méjèèjì padà sínú àpótí, kẹ́ ẹ sì tẹ bọ́tìnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún iye ìṣẹ́jú àáyá tí ìwé inú páálí bá sọ. Ọ̀pọ̀ gbà ju mẹ́wàá lọ. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Bí ẹ bá fẹ́ so gílóòbù, kámẹ́rà tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ Wi-Fi tó sì ń kọ̀, ẹ wo bóyá orí 5 GHz, ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì tí Wi-Fi sábà máa ń gbà, ni fóònù yín wà. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ò gbọ́ ju 2.4 GHz lọ. Ìyẹn ò yá tó 5, ṣùgbọ́n ó ń la ògiri kọjá jù ú lọ.

Tẹlifíṣàn tó tàn tí ojú rẹ̀ dúdú, ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni. Ẹ wo nọ́ńbà ihò HDMI tí wáyà wọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ tẹ "Source" tàbí "Input" lórí rìmóòtù, kẹ́ ẹ yan nọ́ńbà yẹn gan-an. Ẹ̀rọ agbóhùnsókè tó ń gba HDMI, ihò tí wọ́n kọ "ARC" tàbí "eARC" sí nìkan ló wà fún. Rìmóòtù tí kò ṣiṣẹ́: ẹ kọjú rẹ̀ sí kámẹ́rà iwájú fóònù, kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnì kan. Bí iná bá ṣẹ́jú nínú kámẹ́rà, rìmóòtù dáa, tẹlifíṣàn ni kẹ́ ẹ wò. Kámẹ́rà ẹ̀yìn sábà máa ń sé irú iná yẹn, ẹ má gbára lé e. Àwọn rìmóòtù tó ń lo Bluetooth sì lè má tan irú iná yẹn rárá.

Agbọ́rọ̀dùn

Fóònù tó ń sọ pé àyè ti kún lẹ́yìn oṣù kan ńkọ́?

Olùkọ́ Kọ̀ǹpútà

WhatsApp ló sábà máa ń fà á. Settings inú WhatsApp, "Storage and data", "Media auto-download": ẹ yọ fídíò kúrò ní gbogbo ọ̀nà mẹ́ta tó wà níbẹ̀, kó jẹ́ pé èyí tẹ́ ẹ bá kàn nìkan ló máa wọlé. "Manage storage" tó wà níbẹ̀ kan náà máa fi èyí tó tóbi jù hàn yín. Kẹ́ ẹ lè mọ bí fídíò ṣe ń jẹ àyè: ìṣẹ́jú kan lórí iPhone, ní 1080p (bí àwòrán ṣe mọ́ tó) àti 30 fps (àwòrán ọgbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), tó nǹkan bí MB 60 ní ìlànà tuntun, ó sì tó 130 ní ìlànà àtijọ́ tó ń ṣí níbi gbogbo.

Ẹ ṣọ́ra níbi Google Photos. Tẹ́ ẹ bá pa àwòrán rẹ́ níbẹ̀, ó kúrò lórí fóònù, ó kúrò lórí àkáǹtì pẹ̀lú. "Free up space" ni èyí tó máa ń yọ ti orí fóònù nìkan, lẹ́yìn tó bá ti rí i pé ẹ̀dà wà lórí àkáǹtì. Èyí tẹ́ ẹ ṣèèṣì pa rẹ́ á ṣì wà nínú "Trash" fún 60 ọjọ́ tó bá ti ní ẹ̀dà, 30 tí kò bá ní. GB 15 sì ni àyè ọ̀fẹ́ àkáǹtì Google kan, àwòrán àti íméèlì ló jọ ń pín in. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni gbogbo àwòrán tuntun ti ń jẹ nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ fi àmì ohùn kọ Yorùbá, Gboard ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá. Settings rẹ̀, "Languages", "Add keyboard". Bẹ́ ẹ bá di lẹ́tà kan mú síbẹ̀, àwọn ẹ̀dà rẹ̀ tó ní àmì á jáde, ẹ fa ìka dé orí èyí tẹ́ ẹ fẹ́.

Alágbàtọ́

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó ń kọ́ni. Ẹ má gba fóònù lọ́wọ́ àgbàlagbà. Ọwọ́ yín yá, ojú rẹ̀ ò lè tẹ̀ lé e, ohun tó máa kọ́ níbẹ̀ ò ju pé ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ fẹnu sọ ọ́, kí ìka tirẹ̀ ṣe é. Lẹ́yìn tó bá ti ṣe é tán, ẹ ní kó padà sí ilé, kó tún un ṣe láìsí pé ẹ sọ nǹkan kan. Iṣẹ́ kan lójúmọ́ tó. Kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìgbésẹ̀ náà sínú ìwé, ní ọ̀rọ̀ tó yé òun. Bó bá pe àmì WhatsApp ní "fóònù inú àwọ̀ ewé", bẹ́ẹ̀ ni kó kọ ọ́.

Ẹ kọ́ ọ ní ohun mẹ́ta yìí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìkésíni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp tàbí báǹkì bá fi ránṣẹ́ sí i, kò gbọ́dọ̀ kà á fún ẹnikẹ́ni, ọmọ rẹ̀ ni o, òṣìṣẹ́ báǹkì ni o. Ojú ìwé tó bá ń pariwo pé fóònù rẹ̀ ti ní kòkòrò, kó tẹ bọ́tìnì ilé, kó má kan nǹkan mìíràn lórí rẹ̀. Ẹni tó bá pè é pé kó gbé áàpù kan wọlé kóun lè bá a tún fóònù ṣe, ojú fóònù rẹ̀ ni onítọ̀hún fẹ́ máa wò. Kó gé ìpè náà.

Atúnfóònùṣe

Pẹ̀lú ìyẹn, Play Store nìkan ni kó ti máa gbé áàpù. Bí áàpù tọ́ọ̀ṣì bá ń béèrè fún orúkọ àwọn èèyàn rẹ̀ tàbí fún ibi tó wà, kó yan "Don't allow". Ìmọ́lẹ̀ ò nílò méjèèjì.

Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun

Ẹ kú làálàá. Ìkẹyìn ni pé, bí ẹni tó bá ní fóònù ńlá àtijọ́ bá fẹ́ bọ́ sórí tuntun, tó sì fẹ́ fi ti àtijọ́ fún ẹlòmíràn, kí ló máa ṣe?

Atúnfóònùṣe

Kó tó pa nǹkan kan rẹ́, kó gbé WhatsApp lọ ná. Bí méjèèjì bá jẹ́ Android, Settings inú WhatsApp ti àtijọ́, "Chats", "Transfer chats". Kó fi ti àtijọ́ ya àwòrán àmì onígun mẹ́rin tó máa jáde lójú ti tuntun. Nọ́ńbà kan náà ló gbọ́dọ̀ wà lórí méjèèjì, kí Wi-Fi àti Bluetooth sì tàn. Kó ṣí tuntun, kó ka ọ̀rọ̀ ọdún tó kọjá díẹ̀, kó rí i pé ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Kó wo àwòrán rẹ̀ lórí àkáǹtì pẹ̀lú.

Lẹ́yìn náà ni kó lọ sí Settings ti àtijọ́, "Accounts", kó yọ àkáǹtì Google kúrò. Tó bá jẹ́ iPhone, kó jáde kúrò nínú iCloud, ìyẹn àkáǹtì Apple, kí "Find My" tí wọ́n fi ń wá fóònù tó sọnù sì kú. Ìgbà yẹn ni kó wá yan "Factory data reset", tàbí "Erase All Content and Settings" lórí iPhone. Kó yọ síìmù àti káàdì ìrántí. Bí fóònù náà bá tàn padà tó sì ń kí i káàbọ̀, kó tẹ̀ lé ìbéèrè rẹ̀ dé ibi Wi-Fi kó sì wọ̀ ọ́. Tí kò bá béèrè àkáǹtì àtijọ́ níbẹ̀, kó pa á, ó ti ṣeé fún ẹlòmíràn.